Eyín Ta Ló Wà Lára Àpò Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́?

[Fóònù ń dún. Ó dún títí kí wọ́n tó gbé e. Ariwo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.]

ATUKỌ̀: Hẹlóò! Hẹlóò! Ta nìyẹn?

ÌYÁ EEGUN: Bọ̀dá mi, èmi ni. Ẹ káàsán, sà.

ATUKỌ̀: Háà, Ìyá Eegun! Káàsán, jàre. Àwọn òkú rẹ ńkọ́?

ÌYÁ EEGUN: Wọ́n wà nínú ìgò wọn. Wọn ò bá mi jà.

ATUKỌ̀: Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ?

ÌYÁ EEGUN: Dáadáa ni gbogbo wọn wà. Bọ̀dá mi, ṣé orí omi lẹ wà?

ATUKỌ̀: Níbo ni kí n tún wà? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já èrò sílẹ̀ lódìkejì ni. Ọkọ̀ ṣófo, èmi nìkan ni mò ń darí bọ̀. Kí ló dé? O kì í pè mí lásìkò iṣẹ́. Ṣé kò sí o? Ṣé Màámi ò—

ÌYÁ EEGUN: Màámi ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ wọn láàárọ̀, adìyẹ aládùúgbò ni wọ́n ń bú.

ATUKỌ̀: [ẹ̀rín] A jẹ́ pé ara wọn le.

ÌYÁ EEGUN: Bọ̀dá mi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ má bínú sí mi. Shark yẹn—

ATUKỌ̀: Ṣàkì?

ÌYÁ EEGUN: Shark, mo ní.

ATUKỌ̀: Ṣàkì wo? Ọbẹ̀ lo fẹ́ sè? N ò ya ọ̀dọ̀ alápatà lónìí o.

ÌYÁ EEGUN: Àkurákudà! Àkurákudà ni mò ń wí, Bọ̀dá mi! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń dún.]

ÌYÁ EEGUN: Hẹlóò?

ATUKỌ̀: Mo gbọ́ ẹ. Kí ló gbé ìyẹn wá?

ÌYÁ EEGUN: Báwo ló ṣe gùn tó?

ATUKỌ̀: Èwo?

ÌYÁ EEGUN: Èyí tí ẹ rí. Lọ́jọ́ tí Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ bómi lọ.

ATUKỌ̀: Ọdún kẹsàn-án rèé o. Àbúrò wa ti sùn. Kí lo fẹ́ jí i fún—

ÌYÁ EEGUN: Ẹ jọ̀ọ́. Báwo ló ṣe gùn tó?

ATUKỌ̀: Ó gùn! Ó tó ọkọ̀ yìí. Ìtàn tí gbogbo ilé mọ̀ ni. Àbí ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́?

ÌYÁ EEGUN: Ó tó ọkọ̀. Ó dáa. Ẹ rántí àpò awọ rẹ̀?

ATUKỌ̀: Àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí apẹja rí he létí omi, lẹ́yìn oṣù méjì.

ÌYÁ EEGUN: Òun náà. Ó ń bẹ lára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn Màámi láti ìgbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, okùn rẹ̀ já, ó ṣubú gbì. Ẹ̀rù ba Màámi, wọ́n pariwo bí ẹni pé èèyàn ló ṣubú. Wọ́n ní kí n gbé e fún ṣúmékà, kó bá wọn rán okùn tuntun sí i. Láàárọ̀ yìí ni mo gbé e bọ̀.

ATUKỌ̀: Ó dáa náà. Kí ló wá kan—

ÌYÁ EEGUN: Ṣúmékà tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ibiṣẹ́ wa ni mo gbé e fún. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, “Màdáàmù, ajá wo ló jẹ awọ yín báyìí?” Mo ní ajá kọ́, ẹja ni. Ó wò mí lójú. Ó ní, “Ẹja?” Ó fi rẹ́rìn-ín.

ATUKỌ̀: Ṣúmékà mọ nǹkan kan nípa ẹja ni?

ÌYÁ EEGUN: Kò mọ̀. Èmi ló yẹ kí n mọ̀! Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti ń nu agbárí ẹran nínú yàrá egungun níbiṣẹ́ wa, tí mò ń kọ orúkọ sí wọn lára. Bọ̀dá mi, ọdún mẹ́sàn-án ni àpò yẹn fi wà nílé wa, mi ò wò ó rí. Mo ń rí i, mi ò wò ó. Ojú ẹkún la fi ń wò ó.

ATUKỌ̀: Hẹlóò? Ó ń já— ṣé o gbọ́ mi?

ÌYÁ EEGUN: Mo gbọ́ yín! Mo gba àpò lọ́wọ́ ṣúmékà, mo gbé e wọ yàrá wa. Mo gbé àgbọ̀n àkurákudà wá látorí pẹpẹ, irú èyí tó wà lẹ́nu odò wa. Ẹ mọ̀ pé irú kan ṣoṣo ló máa ń wọlé dé ibẹ̀, kékeré yẹn. Omi ibẹ̀ ò jìn tó fáwọn ńlá.

ATUKỌ̀: Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?

ÌYÁ EEGUN: Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo wà ní ọmọdé.

ATUKỌ̀: Ó dáa, máa sọ ọ́ lọ.

ÌYÁ EEGUN: Mo gbé agbárí awọ́nríwọ́n, alángbá ńlá etí omi yẹn, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo po amọ̀, mo fi ẹnu àwọn méjèèjì tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbọ́, téèyàn bá ní ká mú èyí tó yẹ ká bẹ̀rù nínú wọn, àkurákudà la máa mú, torí orúkọ rẹ̀. Àmọ́ kékeré tiwa yìí, tó bá dàgbà tán, ìbàdí mi ló mọ. Awọ́nríwọ́n tó dàgbà, tẹ́ ẹ bá nà án dúró, ó ga ju ẹ̀yin alára lọ. Òótọ́ ni pé ìrù ló kó ju ìdajì, àmọ́ ẹ ò lè fi wé ara wọn.

ATUKỌ̀: Tíṣà! O ti ń kọ́ mi níwèé báyìí.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ jẹ́ n parí ẹ̀. Eyín àkurákudà dà bí abẹ, etí rẹ̀ rí bí ayùn. Tó bá kan awọ, awọ á là gaara, á ṣí bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Eyín awọ́nríwọ́n ò rí bẹ́ẹ̀. Tiwájú ṣóńṣó, tẹ̀yìn kúǹdù bí èèkàn. Kì í gé nǹkan. Ó máa ń di nǹkan mú ni, á máa jù ú sọ́tùn-ún sósì, á wá fi èékánná fà á ya.

ATUKỌ̀: Ẹ̀n-ẹ́n.

ÌYÁ EEGUN: Kò sí ojú abẹ kankan lára àpò yẹn. Ẹyọ kan báyìí, kò sí! Ihò ni, ihò róbótó róbótó. Lábẹ́ àwọn ihò náà, ìlà márùn-ún wà lọ́gbọọgba, bí ìgbà tí wọ́n fi òòyà fà á. Ẹja wo ló ní èékánná, Bọ̀dá mi?

[Ẹ́ńjìnnì. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ mọ́ fóònù.]

ATUKỌ̀: Wait first. Àpò yẹn wà lómi fún oṣù méjì. Omi á ti gbé e jù sétí àbàtà. Awọ́nríwọ́n á ti rí i, á ti rò pé òkú ẹran ni. Ó wá gé e jẹ. Kí ló wá ṣòro níbẹ̀?

ÌYÁ EEGUN: Ohun témi náà kọ́kọ́ sọ fún ara mi nìyẹn. Mo tiẹ̀ ti ń gbé agbárí padà sórí pẹpẹ.

ATUKỌ̀: Ó kúkú tán! Àbúrò mi, fi àpò yẹn fún ṣúmékà, kó rán an—

ÌYÁ EEGUN: Ṣúmékà ló ké sí mi padà. Àpò kékeré kan wà nínú àpò ńlá, lábẹ́lẹ̀ pátápátá. Irin tó dè é ti dípẹtà, kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Ó fi ọ̀bẹ gé e. Ẹyin ló wà níbẹ̀.

ATUKỌ̀: Eyín? Eyín ta? Ti Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́?

ÌYÁ EEGUN: Ká má rí i! Kì í ṣe eyín ẹnu. Ẹyin! Èyí tí adìyẹ ń yé!

ATUKỌ̀: Ẹyin adìyẹ?

ÌYÁ EEGUN: Ẹyin awọ́nríwọ́n. Mẹ́ta. Wọ́n ti gbẹ pátápátá, èèpo wọn dà bí awọ tínrín, kò le bíi ti adìyẹ. Apá aṣọ òjò ni wọ́n fi wé wọn, aláwọ̀ ewé, aṣọ òjò iṣẹ́ yín. Ẹni tó gé e fi ọ̀bẹ gé e. Ó fi okùn so ó ní kókó méjì, ó tẹ etí okùn sínú. Ta ló ń so kókó bẹ́ẹ̀?

[Ariwo ẹ́ńjìnnì ga sí i.]

ÌYÁ EEGUN: Bọ̀dá mi, ta ló kọ́ Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ láti máa so kókó bẹ́ẹ̀?

ATUKỌ̀: Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì yìí ò dáa. Màá pè ẹ́ padà.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ má pa á! Tẹ́ ẹ bá pa á, Màámi ni màá pè tẹ̀ lé e, I'm serious.

ATUKỌ̀: O ò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ dán mi wò.

ATUKỌ̀: Mò ń gbọ́. Sọ̀rọ̀.

ÌYÁ EEGUN: Àkurákudà kékeré yẹn ń bímọ láàyè ni, bí èèyàn. Kò ní ẹyin. Awọ́nríwọ́n ló ń yé, inú ọ̀gán ló sì máa ń yé e sí. Á gbẹ́ ọ̀gán, á kó ẹyin sínú rẹ̀, ikán á wá mọ ojú ihò náà padà bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹyin yẹn, á fi irin fọ́ ọ̀gán ni. Ọ̀pẹlẹ́ńgẹ́ ní irin. Ó fọ́ ọ̀gán, ó kó ẹyin, ó fi aṣọ wé e, ó tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ kó lè rí nǹkan jẹ lọ́jọ́ kejì. Ẹyin yẹn ni awọ́nríwọ́n gbóòórùn tó fi ya àpò náà, tó wọ́ ọ lọ sétí omi. Ẹni tí ẹja ti jẹ, ṣé ó ń tọ́jú oúnjẹ ọ̀la? Ẹ dá mi lóhùn! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ATUKỌ̀: Mo— [ariwo] —ọ́ ẹ.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ pa ẹ́ńjìnnì yẹn, mi ò gbọ́ yín.

ATUKỌ̀: N kì í pa á.

ÌYÁ EEGUN: Kí ni?

ATUKỌ̀: N kì í pa ẹ́ńjìnnì lórí omi yìí. Ọdún kẹsàn-án. Bí mo bá fẹ́ gbé èrò, ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ń jẹun, ó ń ṣiṣẹ́. Àwọn atukọ̀ yòókù ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

ÌYÁ EEGUN: Nítorí kí ni?

ATUKỌ̀: Tí mo bá pa á, mò ń gbọ́ ọ.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ̀ ń gbọ́ kí ni?

[Ẹ́ńjìnnì kú. Omi ń gbá ara ọkọ̀.]

ATUKỌ̀: O ti gbọ́ mi báyìí?

ÌYÁ EEGUN: Mo gbọ́ yín.

ATUKỌ̀: Kò tó ọkọ̀.

ÌYÁ EEGUN: Ẹja náà?

ATUKỌ̀: Kò tó ọkọ̀. Kò tó nǹkan kan. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yọ sójú omi, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́, mo ní ó gùn tó ẹsẹ̀ mi. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹjọ, ó ti gùn tó èèyàn. Ẹ̀yin ẹbí lẹ ń béèrè, èmi náà sì ń fà á gùn.

ÌYÁ EEGUN: Kí ló ṣẹlẹ̀, Bọ̀dá mi?

ATUKỌ̀: Iná àmì tó wà lórí àgbá tó léfòó lẹ́nu odò ló kú, a lọ pààrọ̀ rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, òun ló máa ń gun àgbá náà, torí pé ó fúyẹ́. Ó gbé àpò kọ́ ọrùn, ó gùn ún. Ìgbì kan wá, ọkọ̀ gbá àgbá, okùn já. Ó bọ́ sómi. Kò tiẹ̀ bẹ̀rù! Ó yọ orí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ ju okùn.” Mo ti mú okùn lọ́wọ́. Ìgbà náà ni mo rí abẹ̀bẹ̀ yẹn láàárín èmi àti òun.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ wá—

ATUKỌ̀: Mi ò ju okùn náà. Mi ò mọ bí mo ṣe yí ọkọ̀. Mo kàn rí i pé mò ń sáré lọ ni. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, mi ò rí orí kankan mọ́.

ÌYÁ EEGUN: Ẹja yẹn máa ń sá fún èèyàn ni.

ATUKỌ̀: Mo mọ̀ ọ́n! Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà pàápàá. Mo ti jù wọ́n kúrò nínú àwọ̀n lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹ̀rù kì í dúró gbọ́ àlàyé.

[Obìnrin náà ń mí gúlegúle.]

ÌYÁ EEGUN: Ẹ sì sọ fáwọn tó ń wá a pé inú òkun ni kí wọ́n wá a sí.

ATUKỌ̀: Màámi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n di ẹsẹ̀ mi mú. Wọ́n ní, “Ṣé o rí i? Ṣé o fojú ara rẹ rí i pé ó kú?” Ìwọ náà wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ọmọ ó kú, ó sàn ju kí ọmọ ó nù. Mo wo ojú wọn, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i, ẹja ńlá gbé e. Mo rò pé mò ń ṣàánú wọn ni.

ÌYÁ EEGUN: Láti ọjọ́ náà ni wọn ò ti jẹ ẹja mọ́. Wọ́n ní àwọn ò ní jẹ ohun tó jẹ ọmọ àwọn.

ATUKỌ̀: Mo mọ̀. Iwájú mi ni wọ́n ti máa ń tì í sápá kan.

ÌYÁ EEGUN: Kí lẹ̀ ń gbọ́ tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnnì?

ATUKỌ̀: Àbúrò mi, ojú lọ̀rọ̀ wà. Jẹ́ kí n délé.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ sọ ọ́ báyìí.

ATUKỌ̀: [ó hùn] Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kùrukùru bo gbogbo omi. Àwọn tó ń wá a ti lọ sí ojú òkun, níbi tí mo júwe fún wọn. Èmi nìkan wà nínú ọkọ̀, mò ń gba ẹ̀gbẹ́ erékùṣù kékeré tó wà lẹ́yìn ẹnu odò. Mo gbọ́ ọ. Ó ní, “Bọ̀dá mi o!”

ÌYÁ EEGUN: Yéè!

ATUKỌ̀: Ó fà á gùn bẹ́ẹ̀. Ṣé o rántí pé nígbà tó kéré, ó máa ń gun igi tí kò ní lè sọ̀ kalẹ̀? Bó ṣe máa ń pè mí lórí igi náà ló ṣe pè mí.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ ò dá a lóhùn.

ATUKỌ̀: Lójú mi, ó ti kú! Èmi ni mo sọ pé ó kú, mo ti sọ ọ́ títí mo fi gbà á gbọ́. Àwọn àgbà ní tóhùn òkú bá pe èèyàn, kó má jẹ́ ẹ. Mo tẹ ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn náà.

ÌYÁ EEGUN: Bọ̀dá mi. Bọ̀dá mi.

ATUKỌ̀: Lọ́jọ́ kẹta, kò pè mọ́. Ó ń súfèé. Lọ́jọ́ kẹrin, irin ló ń lù mọ́ òkúta. Kọ́. Kọ́. Á sinmi, á tún lù ú. Mo tẹ ẹ́ńjìnnì. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gba ibẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀ yìí, mo dúpẹ́. Mo ní ẹ̀mí rẹ̀ ti rí ibi sinmi.

[Ẹkún. Ó pẹ́.]

ATUKỌ̀: Ṣé o gbọ́ mi?

[Ẹkún.]

ATUKỌ̀: Àbúrò mi, ṣé o ṣì wà níbẹ̀?

ÌYÁ EEGUN: Ṣé ẹ mọ̀? Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yìí, ṣé ẹ mọ̀?

ATUKỌ̀: Ó ní ọjọ́ tí mo mọ̀. Ó ní ọjọ́ tí mi ò mọ̀. Láti ìgbà náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà, ó jìnnà ju ti iwájú lọ ní ìlọ́po méjì. Tí èrò bá béèrè, mo ní iyanrìn ti dí ọ̀nà iwájú. Ẹni tí ò mọ nǹkan kan, ṣé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀? Nígbà tó o dárúkọ ọ̀gán báyìí, mo mọ ibi tó jẹ́. Kò sí ilẹ̀ gbígbẹ níbòmíì. Erékùṣù yẹn nìkan ló ní ọ̀gán.

ÌYÁ EEGUN: Màámi á bi mí. Tí mo bá wọlé lónìí láìgbé àpò bọ̀, wọ́n á bi mí.

ATUKỌ̀: Bá mi sọ fún wọn. O mọ bó o ṣe lè—

ÌYÁ EEGUN: Rárá o. Ẹnu tó sọ pé ẹja gbé e, ẹnu náà ló máa tú u.

[Omi ń gbá ọkọ̀.]

ATUKỌ̀: Òótọ́ lo sọ.

ÌYÁ EEGUN: Mi ò sọ ọ́ láti fi pa yín.

ATUKỌ̀: Òótọ́ lo sọ, mo ní. Mi ò lè mú ọwọ́ òfo lọ bá wọn. Tí mo bá yà sọ́tùn-ún báyìí, ìṣẹ́jú márùn-ún ni dé erékùṣù yẹn.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ má dá lọ! Ẹ wá gbé mi ní èbúté. Ẹ jọ̀ọ́.

ATUKỌ̀: Tí mo bá délé, mi ò ní lè padà síbẹ̀ mọ́. Mo mọ ara mi.

[Ẹ́ńjìnnì ta. Ó ń ké. Ọ̀rọ̀ ń já.]

ÌYÁ EEGUN: Bọ̀dá— ẹ má pa fóònù! Ẹ fi sápò, kó máa— ṣé ẹ gbọ́ mi?

ATUKỌ̀: —gbọ́. Mi ò ní pa á.

[Ẹ́ńjìnnì nìkan fún ìgbà díẹ̀. Ó rọlẹ̀. Ó kú. Ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ń ha iyanrìn. Ẹsẹ̀ nínú omi.]

ATUKỌ̀: Mo ti dé.

ÌYÁ EEGUN: Kí lẹ̀ ń rí?

ATUKỌ̀: Igi. Ẹrẹ̀. Ilẹ̀ ga díẹ̀ lọ́wọ́ iwájú. [ìmí] Ọ̀gán wà níbẹ̀. Ó tó mi ga. Yéè!

ÌYÁ EEGUN: Kí ni?

ATUKỌ̀: Awọ́nríwọ́n kan wà lórí rẹ̀, ó ń yá oòrùn. Ó tóbi o! Ó ń wò mí bí onílé ṣe ń wo àlejò. Kò sá.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ má lé e. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí kò bá ní ẹyin nílẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀.

ATUKỌ̀: Ó ti lọ. [ewé ń ró] Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀gán yìí ti wó nígbà kan rí, ikán ti tún un mọ. Irin kan wà nílẹ̀. Sípánà. Sípánà wa ni, mo rí àmì tí mo fi irin gbẹ́ sára rẹ̀. Orí òkúta pẹlẹbẹ ló wà. Òkúta náà ti ta èépá lójú kan, níbi tó ti ń—

ÌYÁ EEGUN: Ẹ rọra. Ẹ mí.

ATUKỌ̀: Abẹ́ igi tó tẹ̀ lé e...

ÌYÁ EEGUN: Ẹ má fọwọ́ kàn án.

ATUKỌ̀: Ó funfun.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ má gbé nǹkan kan kúrò níbi tó wà. Ẹ kàn bò ó ni.

ATUKỌ̀: Mo ti bọ́ ẹ̀wù mi. [ó ń sunkún] Àbúrò mi, mi ò ní lè pè ẹ́ ní Ìyá Eegun mọ́. Mi ò ní lè pè ẹ́ bẹ́ẹ̀.

ÌYÁ EEGUN: Ó ti tó. Ẹ jókòó díẹ̀.

ATUKỌ̀: Ẹsẹ̀ kan ti ṣẹ́. Ó ti fi igi méjì dè é. Kò tiẹ̀ lè rìn dé etí omi. Àní ká ní ó dé ibẹ̀, ṣé ẹlẹ́sẹ̀ kan lè wẹ odò yẹn já?

ÌYÁ EEGUN: Bọ̀dá mi, aṣọ òjò rẹ̀ ńkọ́? Apá rẹ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi níbí.

ATUKỌ̀: Dúró... ó wà lókè. Ó so ó mọ́ ẹ̀ka, bí àsíá, bóyá ibẹ̀ ló ti já bọ́ tẹ́sẹ̀ rẹ̀ fi ṣẹ́. Ó ti gbó, ó ti ya jálajàla. Áà! Aláwọ̀ ewé láàárín ewé. Ta ló máa rí i? Èmi tí mo wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, mi ò tètè rí i.

ÌYÁ EEGUN: Ṣé ojú òkun ló gbé e kọ́ sí? Bóyá ó rí àwọn tó ń wá a.

ATUKỌ̀: Rárá. Ojú òkun wà lẹ́yìn mi. Ìhà kejì ni. Ó ti ṣẹ́ àwọn ẹ̀ka kéékèèké tó wà níwájú, ó ṣe é bíi fèrèsé kó lè máa— Olúwa mi o.

ÌYÁ EEGUN: Kí lẹ rí? Hẹlóò? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ATUKỌ̀: Ilé wa.

ÌYÁ EEGUN: Ẹ tún un sọ, ó ń já!

ATUKỌ̀: Mò ń rí ilé wa. Ẹ̀yìnkùlé. Màámi ni wọ́n wà níbẹ̀ yẹn, wọ́n ń sá aṣọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń na apá. Ibi tó jókòó sí nìyí. Ó ń wò wá. Ó rí bí èrò ṣe ń wọ́ wá láti wá bá wa kẹ́dùn. Àwọn àga tí wọ́n jókòó lé, èmi ni mo tò wọ́n. Ó rí mi tí mò ń to—

[Ìpè já.]